Gẹ̀gẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń kú, àti B12

Sálúbàtà á yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn, kò ní mọ̀. Tó bá ń bọ́jú láàárọ̀, bó ṣe ń dijú nítorí ọṣẹ, á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á di ògiri mú. Ní Iléṣà níbí, àwọn kan á ní ó tẹ nǹkan lóríta, àwọn mìíràn á ní làkúrègbé ni. Tírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ń lo oògùn tairọ́ọ̀dì (ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń wú di gẹ̀gẹ̀) tẹ́lẹ̀, ẹ fura sí fítámì B12.

Kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni àìtó ayodíìnì ń fà. Nínú àìsàn Hashimoto àti ti Graves, ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ló ń bá tairọ́ọ̀dì jà. Nígbà míì ogun náà a dé inú ikùn, a sì ba ibi tó ń pèsè intrinsic factor jẹ́, èyí tó ń mú B12 gba ìfun kékeré wọ ara. Láìsí i, ẹja àti ẹ̀dọ̀ téèyàn ń jẹ kò dé ibi tó yẹ. Àkójọ inú ẹ̀dọ̀ tiwa lè gbéni dé ọdún 3 sí 5, ìdí nìyẹn tí àìtó B12 fi ń yọ́ wọlé. B12 ni iṣan ìmọ̀lára (nerve) fi ń tún awọ ọ̀rá ara rẹ̀ ṣe, bíi rọ́bà ara wáyà iná.

Fólíìkì (folic acid) inú oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ojú funfun, wọ́n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míìsì, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) gòkè, inú wọn dùn. Iṣan ń bàjẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Ẹ sọ fún dókítà, bó jẹ́ ní Wesley Guild tàbí n'Ifẹ̀, kó wọn B12. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà. Bí èsì bá máa pẹ́, kí abẹ́rẹ́ má dúró dè é. Ohun tó bá dín sí 200 pg/mL ti kéré. Láàárín 200 sí 300, àyẹ̀wò mìíràn, methylmalonic acid, ló ń yanjú ọ̀rọ̀. Bó bá ti kan iṣan, hydroxocobalamin (abẹ́rẹ́ B12) 1 mg ni wọ́n ń gún: lónìí, kí wọ́n fo ọ̀la, kí wọ́n tún gún un lọ́túnla, títí ara kò fi ní máa yá sí i mọ́. Lẹ́yìn náà, oṣù méjì-méjì, títí ayé. Nínú 1,000 microgram téèyàn bá gbé mì, bíi 10 péré ló ń wọlé láìsí intrinsic factor, nítorí náà B kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì lásán kò lè tó. Ẹsẹ̀ tó ti kú pẹ́ lè má padà tán.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn náà tún ní irin nínú, irin sì ń dí levothyroxine, oògùn tairọ́ọ̀dì, lọ́wọ́. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi lo levothyroxine, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. Kí irin sì jìnnà sí i tó wákàtí 4.