Ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ pè sí ìgbìmọ̀

Nígbà tí wọ́n ní kí n dá ìgbìmọ̀ ààbò sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà, àwọn ọ̀gá ni mo kó jọ: máníjà, akáùńtáǹtì, ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀. Oṣù mẹ́fà la fi ń pàdé nínú yàrá tó tutù nini. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń lọ ike gé ìka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kásúà kan.

Gáàdì tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, eruku ti bò ó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìgbìmọ̀ wa. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló mọ̀.

Mo lọ bá wọn jókòó lóru. Ìyá kan tó ń ṣa ike ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló de nǹkan yẹn. Bí ike bá há, ká tó tú u, ká tún dè é, ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Iye àpò tí ẹ ní ká lọ̀ kò sì dín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí ìwé kúẹ́rì ni mo ti fẹ́ kọ sí wọn.

A dín iye àpò kù. Wẹ́dà sọ gáàdì náà di ohun tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, rewáyà sì so ó mọ́ iná: bí wọ́n bá ti ṣí i, iná á kú. Ọ̀bẹ inú rẹ̀ ṣì máa ń yí díẹ̀ lẹ́yìn náà o, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró.

Wọ́n sọ fún wa nígbà yẹn pé kásúà ni ọmọ náà, kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Irọ́ ni. Employee's Compensation Act ọdún 2010, ìyẹn òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ka kásúà mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ di èyí mú.

Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń yan ìgbìmọ̀ báyìí, kásúà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ la ti ń pàdé, nígbà tí iṣẹ́ alẹ́ àti tàárọ̀ bá ń gbara wọn, owó wákàtí náà sì ń wọlé fún wọn. Máníjà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí òun ló lè fọwọ́ sí owó. Ohun tá a bá sọ, a ó kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí.

Ìyá ọjọ́ yẹn ti di ara ìgbìmọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ ike ń yọ̀. A kọ ọ́ sára ògiri pé Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ló máa parí, orúkọ máníjà ló sì wà níwájú rẹ̀.