Ẹ jẹ́ kí sáfà fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra sáfà (server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn kọ̀ǹpútà míì) tókúnbọ̀, àtẹ̀yin tí wọ́n kàn gbé sáfà lé lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì tí ẹni tó ń bójú tó o tẹ́lẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ míì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ohun tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí sítíkà ń sọ, ohun tó wà nínú rìsíìtì àtohun tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an lè máà bára wọn mu rárá. Ẹ má tíì wá sikurudiráfà, Linux, ìyẹn ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà, ti ní kọmáńdì tó máa mú un jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ systemd-detect-virt, torí tó bá dáhùn pé kvm tàbí vmware, inú ẹ̀rọ àfarawé (virtual machine) tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ míì lẹ wà, ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Tó bá ní none, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. lscpu fún CPU, lsblk fún dísìkì, lspci fún àwọn káàdì, ìwọ̀nyẹn ò le.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni dmidecode. Ohun tí BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ, kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀rọ ló ń kà jáde, àṣẹ root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ló sì ń fẹ́, torí náà sudo dmidecode -t memory lẹ máa tẹ̀. free -h á kàn sọ iye RAM fún yín ni, ó parí, àmọ́ tèyí á to sílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ń ki RAM sí, síta, èyí tó ní 8 GB, èyí tó ṣófo tí wọ́n kọ No Module Installed sí, part number ẹ̀, àti Maximum Capacity, ìyẹn iye tí bọ́ọ̀dù lè gbà. Kọ́sítọ́mà mi kan ti fẹ́ lọ ra RAM 16 GB méjì, mo ní kó ṣe sùúrù ná, mo gba orí SSH, ìyẹn ọ̀nà téèyàn ń gbà wọ sáfà láti ibòmíì, wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, ni mo bá rí i pé 4 GB, 4 GB ló kún gbogbo sílọ́ọ̀tì, kò síbi tá a fẹ́ ki tuntun sí àfi ká yọ nínú ti àtijọ́. Ẹ wo Type Detail náà o, tẹ́ ẹ bá rí Registered níbẹ̀, ẹ má lọ ra unbuffered, oríṣi RAM méjì ni wọ́n, àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan sì wà tó jẹ́ To Be Filled By O.E.M. lẹ máa bá níbi serial number, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe é ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, ẹ yáa lọ wò ó lára ẹ̀rọ.

Ti dísìkì ńkọ́? Ẹni tó ń tà á á ní wọn ò tíì lò ó púpọ̀. Ẹ tẹ sudo smartctl -a /dev/sda, kẹ́ ẹ wá Power_On_Hours, ìyẹn iye wákàtí tí dísìkì ti fi wà ní títàn. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, tẹ́ ẹ bá wá rí 43,000 àtàbọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 5 tí dísìkì yẹn ti ń yí, ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ sí í ná an wálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn RAID káàdì, ìyẹn káàdì tó ń pa dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan, ló wà, lsblk lè fi dísìkì ńlá kan ṣoṣo hàn yín bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Lórí káàdì MegaRAID, ẹ fi -d megaraid,0 kún kọmáńdì smartctl yẹn, kẹ́ ẹ máa yí nọ́mbà yẹn padà títí tẹ́ ẹ fi máa kàn wọ́n tán.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ o, kẹ́ ẹ má kàn wò ó lójú lásán, lshw máa ń to ohun tó wà nínú ẹ̀rọ síta:

sudo lshw > $(hostname)-$(date +%F).txt

Orúkọ sáfà àti déètì á ti wà lára fáìlì náà. Ẹ kó o lọ sórí ẹ̀rọ míì, torí tí sáfà bá kú tó sì jẹ́ orí ẹ̀ ló wà, kí lẹ fẹ́ kà? Tó bá tún ṣe díẹ̀, ẹ tẹ òmíì, kẹ́ ẹ fi diff, kọmáńdì tó ń fi ìyàtọ̀ inú fáìlì méjì hàn, wo méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ pé RAM kan ti kú nínú sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lọ geere, tẹ́nikẹ́ni ò fura sí. Nǹkan kéékèèké bíi IP, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè máa yí padà nínú ẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì pé kó bá yín wò ó, lshw -sanitize ni kẹ́ ẹ lò, á yọ serial number àti IP kúrò.