Ẹ tú ìdérí kámù kí ẹ tó sanwó

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tí mo kọ́ níṣẹ́ ta alùpùpù Harley kan, Electra Glide 2005, fún oníbàárà kan ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èrè 2,000 dọ́là wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Ṣé o tú ìdérí kámù wò?" Ó ní rárá, pé ẹ́ńjìnnì náà ń dún dáadáa. Kámù ni ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ìdérí irin ló bò ó. Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó mú mi jókòó kọ eléyìí nìyẹn, fún òun àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òwò Harley àlòkù ní Houston níbí.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún mi rèé nídìí òwò yìí. N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, tàbí bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò alùpùpù kó lè wu èèyàn. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí title, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀, ni kó tà á fún yín, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Bí orúkọ báǹkì tó yá a lówó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ títí ìwé ìtúsílẹ̀ báǹkì yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra Harley nígbà tí ara wọn ṣì le ti dàgbà báyìí, orúnkún àti ẹ̀yìn ò jẹ́ kí wọ́n gùn ún mọ́, àwọn opó náà sì ń ta èyí tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Opó lè má mọ̀ pé orúkọ olóògbé nìkan ló wà lórí ìwé. Ẹ bá a lọ sí ọ́fíìsì county, ìjọba ìbílẹ̀, kó tó di pé owó jáde, ẹ má sì fi ìbànújẹ́ rẹ̀ já owó ọjà. Bákan náà, ní Texas, ẹni tí kò ní láìsẹ́ǹsì oníṣòwò ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ta ju mẹ́rin lọ lọ́dún. Ẹ gba láìsẹ́ǹsì.

Ẹ̀kọ́ kejì ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ alùpùpù. Láti ọdún 1981, mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lọ́rùn fíríìmù. Láti 1970 sí 1980, nọ́ńbà tó wà lára fíríìmù gbọ́dọ̀ bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu. Èyí tó ṣáájú 1970, ara ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ óò ti rí i. Ẹ fi ìka pa ojú ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi fáìlì rẹ́ nǹkan kúrò kì í rí bákan náà pẹ̀lú ara irin yòókù, ìka yín á mọ̀ ọ́n kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Gbogbo èèyàn ló ń bú àwọn tí wọ́n ṣe nígbà tí Harley wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ AMF tó rà á, 1969 sí 1981. Èmi kì í bá wọn bú u, torí ẹni tó bá ń gun irú rẹ̀ títí dòní ti tún ohun tí ilé-iṣẹ́ ò ṣe dáadáa ṣe tipẹ́. Ẹ́ńjìnnì Evolution tó jáde fún ọdún 1984 ni mo máa ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní wàhálà púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Twin Cam 88 dé fún ọdún 1999. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Kámù méjì ló wà nínú rẹ̀, ṣéènì méjì ló ń yí wọn. Bàtà ike kan ló tẹ ṣéènì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má baà dẹ̀, sípíríìnì ló sì ń ti bàtà náà. Sípíríìnì yẹn kì í sinmi. Bó ti ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni ṣéènì ń jẹ ike náà díẹ̀díẹ̀, èérún rẹ̀ á sì máa bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á gbé e dé inú pọ́ọ̀ǹpù tó ń tì í káàkiri, á sì ba pọ́ọ̀ǹpù náà jẹ́. Títí dé 2006 ni wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀, àfi àwọn Harley tí wọ́n ń pè ní Dyna nìkan tó ti yí padà lọ́dún 2006. Láti 2007, agbára ọ́ìlì ló ń ti bàtà náà lára gbogbo wọn, kì í sì tètè jẹ mọ́.

Lóṣù kejì ọdún 2014, ó kàn mí láti kó àjọ. Àwa méjìlá là ń dá 500 dọ́là lóṣù, 6,000 dọ́là ni mo kó. Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ fi gbà, torí inú gáráàjì ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí Harley Road King 2003 kan lápá àríwá ìlú, dúdú àti fàdákà, 26,000 máìlì péré, báàjì ọgọ́rùn-ún ọdún wà lára táǹkì. Ọdún 1903 ni Harley bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbogbo èyí tí wọ́n ṣe fún 2003 ló ní àmì yẹn. Wọ́n pọ̀ jù fún un láti mówó wọlé, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dán, ojú mi sì wọ̀ ọ́.

Ọkùnrin àgbàlagbà tó ní í, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ní kí n tan án fúnra mi. Ẹ́ńjìnnì tutù. Ọ́ìlì tó bá tutù máa ń nípọn, agbára rẹ̀ á dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe pọ́ọ̀ǹpù. Mo gùn ún yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì gbóná tán tí mo fi dá a padà. Ọ̀pọ̀ Electra Glide ní géèjì tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn, iná pupa kékeré lásán ni Road King ní. Mo ná an dé 6,500, mo fi 500 tèmi lé owó àjọ, mo sì gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ní ìjọ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló rà á lọ́wọ́ mi ní 8,400. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ohun tó ń ṣe é?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní kò sí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí Galveston lórí I-45. Iná pupa tàn. Ó rò pé wáyà ni. Kò pẹ́ sí i, ariwo bẹ̀rẹ̀ bíi kí èèyàn máa fi òòlù lu ìkòkò irin, ẹ́ńjìnnì sì nọ́kì. Ó rọra wọ́ ọ dé ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí mo gbé píkọ́ọ̀pù débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú àṣíborí lórí, àwọn tírélà ń kọjá, atẹ́gùn wọn ń mì í. Ó kọ̀ láti bọ́ àṣíborí náà títí a fi délé. Ọkọ rẹ̀ ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tú u. Kí n tó dé inú rẹ̀ ni mo ti rí i pé orí bóòtì mẹ́ta lára ìdérí kámù ti họ, gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí ọ́ìlì lábẹ́ rẹ̀ sì tuntun. Ẹnìkan ti ṣí i rí. Ó ti rí ohun tí mo wá rí yìí, ó sì dé e padà. Bàtà ike ti ìta ti jẹ dé irin, ìdajì ti inú ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tú pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì, ìlà tó wà lára ògiri rẹ̀ jìn débi pé èékánná mi há sí i. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní bó ṣe wà ni mo ṣe rà á. Ó ní òfin wà lẹ́yìn òun. N kò tíì dárí jì í títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé kò sí. Èmi ni. Wákàtí díẹ̀ ni ì bá gbà mí láti ṣí ìdérí yẹn. Ẹ̀yin àbúrò mi, àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa ò ní géèjì, wọn ò mọ ohun tí kámù ń jẹ́, ẹnu wa ni wọ́n ń rà. Ẹni tó bá ń gùn ún lọ ń gbé ìyàwó sẹ́yìn. Ẹ má sọ pé "ó ń dún dáadáa" fún ẹnikẹ́ni. Etí kì í gbọ́ ike tó ń jẹ.

Mo dá 8,400 rẹ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, 3,000, 3,000, àti 2,400. Alùpùpù náà, mo tú u tà ní wẹ́wẹ́: fọ́ọ̀kì, rímù, táǹkì, àpótí ẹ̀gbẹ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lò gáráàjì ilé sí i kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù.

Láti ìgbà yẹn, Twin Cam tó bá ti ń lo bàtà onísípíríìnì, tó sì ti kọjá 20,000 máìlì, mo máa ń sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí n tú u, tàbí kó yọ owó àtúnṣe kúrò lára iye tó ń pè. Tí kò bá gbà, mo lọ. Mo máa ń gé fílítà ọ́ìlì, mo ń tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ iná, mo ń wá èérún ike. Mo ń so géèjì mọ́ ọn, mo ń gùn ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó gbóná dáadáa. Ẹ rántí pé bàtà ìta nìkan lẹ óò rí bí ẹ bá ṣí ìdérí, ti inú wà lẹ́yìn irin pẹlẹbẹ kan, iṣẹ́ ńlá ni kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ ṣe é.

Àbúrò mi tó ta Electra Glide 2005 yẹn ní òun ń dúró kí oníbàárà ráhùn ná. Kó má dúró. Kó pe oníbàárà náà lónìí, kó sọ fún un pé kó má gùn ún mọ́, pé ní Sátidé la ó tú u wò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni n ó fi píkọ́ọ̀pù lọ gbé e, èmi náà ni n ó sì ra gáskẹ́ẹ̀tì.