Ìwé nóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíyan JSS ìjọba ní Ìkòròdú

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó níbí, tí ẹ bá rí orúkọ ilé ìwé gírámà ìjọba lára pátákó, ilé ìwé méjì ló sábà máa ń wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Jíníọ̀ (JSS1 títí dé JSS3) dá dúró, síníọ̀ dá dúró. Kálukú ló ní pírínsípà tirẹ̀, kálukú ló ní tíṣà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ní Ìkòròdú ni kì í ka èyí kún. Wọ́n á ní, "Ilé ìwé yẹn dáa, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń yege WAEC." Àwọn síníọ̀ ló ń ṣe WAEC. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́fà máa lo ọdún mẹ́ta gbáko lọ́dọ̀ àwọn tíṣà mìíràn, á ṣe BECE, ìdánwò ìparí JSS3, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń yìn yẹn.

Mo ti fi ju ọmọ kan lọ sí ilé ìwé ìjọba ládùúgbò yìí, mo sì ti bá àbúrò mi àti àwọn ará ilé wa wá ilé ìwé láti Òwútù títí dé Sábó, a tún kọjá sí ọ̀nà Ẹbúté. Nínú gbogbo ohun tí mo ń wò, kò sí èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé tó ìwé nóòtù ọmọ tó ti wà níbẹ̀.

Ní ilé wa, àwọn ọmọbìnrin méjì kan jọ wà ní JSS2, ilé ìwé wọn yàtọ̀ síra. Mo ní kí wọ́n gbé báàgì wọn wá. Nínú ìwé Basic Science ti èkíní, déètì wà lókè gbogbo ojú ewé, bíróò pupa ti kọjá níbẹ̀, ibi tó ti ṣì í, wọ́n ní kó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe. Ti èkejì, nóòtù ọ̀sẹ̀ kejì ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé funfun ló kù. Ó ní, "Mọ̀mí, wọ́n ti gbé tíṣà wa lọ síbòmíràn, wọn ò tíì fún wa ní òmíràn." Ìdajì táàmù ti kọjá nígbà yẹn. Nínú ìwé Maths rẹ̀ náà, mo rí ìṣirò kan tí kò tọ̀nà rárá tí wọ́n kọ "good" sí. Ilé ìwé tí ọmọ yìí ń lọ ni gbogbo àdúgbò ń pọ́n lé, ti èkíní ni wọn kì í dárúkọ.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi ìyá ọmọ pé ṣé ilé ìwé yẹn dáa. Ẹ ní kí ọmọ gbé báàgì wá. Ẹ wo déètì, ẹ wo máàkì, ẹ wo bóyá àtúnṣe wà. Ìwé Maths, Basic Science àti Gẹ̀ẹ́sì ti tó ẹ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ síbẹ̀, kí ó jẹ́ lẹ́yìn bíréékì, nítorí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni gbogbo ilé ìwé máa ń dùn ún wò. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ gba àyè lọ́wọ́ pírínsípà, kí ẹ sì béèrè ohun kan: tíṣà tó ń kọ́ JSS1 ní Maths, ṣé ti ìjọba ni àbí kọ́pà? Mo ti rí kọ́pà tó mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, kì í ṣe pé mo ń bú wọn. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni kọ́pà ń sìn. Tó bá lọ tán, ta ló kù?

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, mo máa ń wọlé lọ wò ó fúnra mi. Àkókò JSS ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Tí kò bá sí omi, tí ilẹ̀kùn kò ṣeé tì, ọmọ á jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, á sì máa pàdánù ẹ̀kọ́ lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìyá nìkan.

Ní ti ọ̀nà, èyí tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni mo fara mọ́. Ẹ ṣírò owó kẹ̀kẹ́ Márúwá àlọ àti àbọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ tún rántí bí ojú ọ̀nà Ìkòròdú ṣe máa ń rí tí òjò bá rọ̀.

Owó ilé ìwé kò sí níbẹ̀. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ló sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan títí dé JSS3. Aṣọ, bàtà, ìwé àti owó ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn òbí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san nǹkan mìíràn, ẹ gba rìsíìtì. Tí ó bá rú yín lójú, Education District II, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba tó wà ní Maryland, ló ń bójú tó àwọn ilé ìwé Ìkòròdú.

Àwọn kan á ní Model College, ilé ìwé ìjọba tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ni àwọn ń wò, bíi ti Igbókúta. Ó dáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń du àyè rẹ̀ nínú ìdánwò. Láti ọdún 2017 tí wọ́n jí ọmọ mẹ́fà gbé ní Model College Igbónlá lágbègbè Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n lo ju oṣù méjì lọ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, mi ò lè gbàgbé ògiri ọgbà mọ́ tí mo bá dé ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn. Ẹ rìn yí i ká.

Kí ọmọ tó ṣe ìdánwò placement, èyí tí wọ́n fi ń wọ JSS1, ni kí ẹ ti parí ìwádìí yìí. Tí wọ́n bá sì ti gbà á wọlé, ìpàdé òbí ti jíníọ̀ ni kí ẹ máa lọ. Níbẹ̀ ni àwa òbí kan ti dìde béèrè tíṣà Basic Science, tí a kò sì jókòó títí wọ́n fi sọ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ̀wé sí ìjọba.