Àbẹ́là Hanukkah: iná tí wọn kì í fi ṣe nǹkan kan

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Golders Green níbí, lápá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, fèrèsé àwọn Júù á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lálaalẹ́. Àwọn ará wa kan ń pè é ní Kérésì àwọn Júù. Ó ti o. Hanukkah ni, ó sì ti wà ṣáájú Kérésì: Jésù fúnra rẹ̀ wà ní Jerúsálẹ́mù lásìkò àjọ̀dún náà, ẹ wo Jòhánù orí kẹwàá. Ní nǹkan bí ọdún 164 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Maccabee, àwọn jagunjagun Júù, gba Tẹ́ńpìlì padà lọ́wọ́ Ọba Antiochus, tó ti sọ ọ́ di àìmọ́. Òróró mímọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju ti ọjọ́ kan lọ. Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, ní ọjọ́ mẹ́jọ ló fi jó.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ju ìtàn yẹn lọ ni bí Màmá tí mo ń tọ́jú ṣe ń tan tirẹ̀. Ọ̀pá fìtílà idẹ ni, ìda ọdún tó kọjá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àbẹ́là kan lálẹ́ àkọ́kọ́, méjì lálẹ́ kejì, títí dé mẹ́jọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń tò wọ́n, ọwọ́ òsì ló ti ń tàn wọ́n, kí tuntun lè kọ́kọ́ gbaná. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọlẹ́yìn rábì kan tó ń jẹ́ Shammai fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí mẹ́jọ, kí wọ́n máa dín in kù. Àwọn ọmọlẹ́yìn Hillel, rábì mìíràn, ní rárá, pé nínú ohun mímọ́, gígòkè là ń gòkè, a kì í sọ̀ kalẹ̀. Ti Hillel ló borí.

Ìkẹsàn-án, shamash, dá dúró: ìránṣẹ́ ni, òun ni wọ́n fi ń tan àwọn yòókù. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iná mẹ́jọ yẹn ṣe ohunkóhun. Wọn ò gbọdọ̀ fi kàwé, wọn ò gbọdọ̀ fi ka owó. Ẹ ṣáà máa wò ó. Obìnrin kì í sì í ṣiṣẹ́ ilé fún bí ìdajì wákàtí tí iná náà bá fi ń jó. Bí mo bá dìde lọ fọ abọ́, Màmá á ní, "Jókòó." Owó iṣẹ́ mi ṣáà ń lọ, ṣé èmi ni màá bá a jiyàn?

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ tiwa, àbẹ́là kì í jó lásán: ti ọmọ wà, ti físà wà, ti ọ̀tá ilé bàbá wà. Kí ẹnì kan tó ṣáná, ó ti mọ ohun tó ń tọrọ. Ti Màmá ò tọrọ nǹkan kan. Ojú fèrèsé ló gbé e sí, kí ẹni tó ń kọjá lọ lè mọ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é rí.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ti Hanukkah ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn kí ti Sábáàtì tó tẹ̀ lé e, torí pé bí Sábáàtì bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dáná mọ́. Ti Sábáàtì wà fún lílò ní tirẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ríran jẹun. Talmud wá ní bí owó tálákà ò bá ká ju ẹyọ kan lọ, ti Sábáàtì ni kó rà, nítorí àlàáfíà ilé. Wọ́n ní kí iṣẹ́ ìyanu ṣì dúró ná, kí tọkọtaya má bàa máa forí gbárí nínú òkùnkùn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ṣe òfin yẹn ti níyàwó nílé.