Íńkì aláwọ̀ osùn fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Àbújá

Ẹni tó bá fẹ́ ra íńkì aláwọ̀ fún pẹ́ẹ̀nì oníńkì, tó sì fẹ́ máa fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní Àbújá, kò gbọdọ̀ fi bí àwọ̀ náà ṣe rí nínú ìgò dá a lẹ́jọ́. Kò sì yẹ kó gbára lé àwòrán tí àwọn ará òkèèrè ń fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé pépà olówó gọbọi ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nínú afẹ́fẹ́ tí kò jọ tiwa rárá. Pépà tí a ń rí rà ní ọjà Wuse àti ojú ọjọ́ ìlú yìí ló máa sọ bóyá íńkì kan á báni lò pẹ́.

Diamine Oxblood ni mo dán wò. Ilé-iṣẹ́ Diamine ti wà láti ọdún 1864, ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń ṣe íńkì wọn báyìí. Ìgò oníke kékeré tó gba mílílítà 30 ni mo rà. Wọ́n tún ní ti gíláàsì tó gba mílílítà 80. Pupa ni íńkì yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pupa bíró tí àwọn tíṣà fi ń máàkì. Pupa tó ki, tó ń fẹ́ ṣú ni: ibi tí ìlà bá ti nípọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ibi tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, pupa rẹ̀ á wá yọ. Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ kó bá mi ṣe. Ní ọ́fíìsì, mo máa ń tún ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ kà, mo sì fẹ́ kí ohun tí mo bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà dúdú ẹ̀rọ. Nílé, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ṣèpàdé ní Kubwa, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé sì wà lọ́wọ́ mi.

Pẹ́ẹ̀nì méjì ni mo rọ ọ́ sí. Ọ̀kan ni Lamy Safari, pẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ Jámánì tó ti wà lórí igbá láti ọdún 1980. Èkejì ni Platinum Preppy ti ilẹ̀ Japan. Ìwọ̀n F, ìyẹn ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́, ni ẹnu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n F àwọn ará Japan tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn ará Jámánì lọ, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tó bá ń kọ èdè Yorùbá. Lórí fúlúsíkáàpù tí wọ́n ń tà ní dìpọ̀dìpọ̀, pépà fa íńkì mu láti ẹnu Safari ju bó ṣe yẹ lọ. Etí ìlà kò dán mọ́, ó ta gbòǹgbò wẹ́wẹ́ sọ́tùn-ún sósì, àmì tó wà nísàlẹ̀ ẹ sì lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà náà débi pé ó ṣòro láti mọ̀ bóyá ẹ ni tàbí e. Mo kọ ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ sórí ìlà kan náà, mo gbé ìwé náà jìnnà sójú díẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo fi Preppy kọ wọ́n, àmì kọ̀ọ̀kan dá dúró níbi tí mo fi í sí. Lórí pépà A4 oní-gíráàmù 80 tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, kò sí wàhálà pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn.

Ojú ọjọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi ló pọ̀ jù nínú irú íńkì yìí, aró tó yọ́ sínú omi náà ló ń kù sórí ìwé. Láti bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì tí ọyẹ́ bá ń mú, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti Sàhárà bọ̀ máa ń gba omi náà lọ kíákíá. Ohun tí mo bá kọ á ti gbẹ kí n tó dé òpin ìlà, èyí sì dára púpọ̀ fún akọ̀wé tó gbọ́dọ̀ máa ṣí ojú ìwé láìdúró. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ń gba omi lẹ́nu pẹ́ẹ̀nì. Bí mo bá ṣí pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ tí mo ń tẹ́tí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo bá kọ lẹ́yìn náà kò ní jáde dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e á sì ṣú ju àwọn yòókù lọ, torí pé íńkì ẹnu rẹ̀ ti ki. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo Preppy nígbà ọyẹ́: ìdérí rẹ̀ ní ìdérí kékeré mìíràn nínú, tí sípíríìnì ń tì mọ́ ẹnu pẹ́ẹ̀nì pinpin, Platinum sì sọ pé íńkì lè wà nínú rẹ̀ fún ọdún kan láìgbẹ.

Nígbà tí òjò bá wá dé, pàápàá ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, ohun gbogbo á yí padà. Pépà fúnra rẹ̀ á ti fa ọ̀rinrin mu, íńkì tó gbẹ wéré lóṣù Kìíní á máa dán lórí ìwé, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ á sì fà á kiri bí a kò bá fi pépà gbígbẹ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dán íńkì wò nígbà ọyẹ́ nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n.

Mo kán omi sórí ìlà tó ti sùn mọ́jú, mo sì fi tíṣù pa á lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Pupa sá jáde, ó tàn ká ojú ìwé. Ohun tó kù ṣeé kà fún ẹni tó bá mọ ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ṣòro. Èyí kì í ṣe àbùkù, nítorí pé íńkì aláró lásán ni, wọn kò sì tà á fún ohun tí omi kò gbọdọ̀ pa rẹ́. Fún ìyẹn, Diamine kan náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní Registrar's, tí irin wà nínú rẹ̀. Irin náà àti èròjà kíkorò tí wọ́n ń rí nínú kókó tó ń wú lára igi óòkù máa ń pa pọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn wọ́n, wọn á di dúdú, wọn á sì wọ inú pépà lọ. Irú íńkì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kọ ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Mo bẹ àwọn tó ń gbé ní Àríwá bíi tèmi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da tàdáwà wàláà sínú pẹ́ẹ̀nì oníńkì. Dúdú èéfín àti oje igi tí àwọn Haúsá ń pè ní karo, tó pọ̀ ní Borno, Yobe àti Jigawa, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Kálàmù onígi ni wọ́n ṣe é fún, yóò sì dí ọ̀nà tóóró inú pẹ́ẹ̀nì pátápátá.

Ní ìpàdé, Bàbá Alága gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fajú ro díẹ̀.

“Akọ̀wé, kí ló dé tí o fi pupa kọ ìwé ẹgbẹ́? Ṣé a ti ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e súnmọ́ fèrèsé.”

Wọ́n gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ìka tọ ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Osùn nìyí,” ni wọ́n sọ. “Osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó dáa. Àmọ́ orúkọ àwọn tó sanwó àti iye tí wọ́n san, dúdú ni kí o fi kọ ìyẹn.”

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe. Íńkì onírin ni mo fi ń kọ owó àti ìbuwọ́lùwé, mo sì ń fi omi fọ pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ déédéé, torí irú íńkì bẹ́ẹ̀ ní ásíìdì nínú. Fọ́ọ̀mù báńkì àti ti ìjọba kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, dúdú tàbí búlúù ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Gbogbo ìyókù, láti orí àtúnṣe ìwé ọ́fíìsì dé orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá sọ, osùn yìí ni. Bí mo bá fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun, ó máa ń jáde ketekete. Ìgò kékeré náà ti ń lọ sópin, ti gíláàsì oní-mílílítà 80 ni mo fẹ́ rà báyìí.