Kí ẹ tó sanwó ìbọn ẹlẹ́nu méjì àlòkù

Okun o, ẹ̀yin ọdẹ. Èyí tí ọ̀pá kan gun èkejì lórí ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí ọ̀pá méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí pákó dídán àti ẹyẹ tí wọ́n fín sára irin gba ojú yín. Inú ọ̀pá àti ibi tí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn lẹ ń sanwó fún.

Ìwé ló ṣáájú. Láti ìgbà òfin ìbọn ọdún 1959, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ní irú ìbọn yìí lọ́wọ́, ìwé ẹni tó ń tà á kò sì bo ẹni tó rà á. Nọ́ńbà ara irin gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu láìku ẹyọ kan. Tí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ dìde níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ̀yin méjèèjì dé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó wà ní Kábà tàbí Ìsánlú, kí ó ti ka owó ọkọ̀ Lọ́kọ́ja, níbi tí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà, mọ́ iye ìbọn.

Ẹ ṣí i, kí ẹ rí i pé òfìfo ni ẹnu méjèèjì. Ẹ yọ pákó iwájú, nítorí òun ló máa ń fún ọ̀pá mọ́ ara tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kì í hàn. Ẹ pa ìbọn dé, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ mi ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì, sókè sísàlẹ̀. Bí ó bá ń dún kọ̀kọ̀, ojú ìdè rẹ̀ ti jẹ. Ẹ gbé e sí oòrùn: ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ láàárín ìdí ọ̀pá àti ojú irin. Ẹ wo irin tí a fi ń ṣí i lókè: tí a bá pa ìbọn tí kò tíì jẹ dé, apá ọ̀tún díẹ̀ ni irin yìí máa ń dúró; èyí tó bá ti kọjá àárín sí òsì ti jẹ jìnnà. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu irin abẹ́ ọ̀pá kó lè fún. Yóò fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò tún fi tú. Ẹ wá ojú òòlù níbẹ̀.

Ẹ wá fi okùn so ọ̀pá rọ̀, kí ẹ fi igi kékeré kàn án. Ó yẹ kó dún bí agogo. Tí ó bá ń gbọ̀n rìrì, ibi tí wọ́n ti jó irin àárín mọ́ ọ̀pá méjèèjì ti tú. Omi òjò á máa wọ ibẹ̀, ìpata á sì máa jẹ ẹ́ láti inú níbi tí ojú kò tó.

Ẹ wo inú ọ̀pá sí ojú fèrèsé. Òjìji tó yẹ kó rí róbótó, tó bá wá wọ́, ọ̀pá ti tẹ̀ níbẹ̀. Tí ó bá wú síta, ẹrẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn ló ti dí inú rẹ̀ rí tí wọ́n sì yìn ín bẹ́ẹ̀: ẹ fi í sílẹ̀. Ihò ìpata kéékèèké lápá ẹnu kò burú púpọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kátíríìjì ló léwu, nítorí ibẹ̀ ni agbára ẹ̀tù ti pọ̀ jù.

Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá: 65, 70 tàbí 76, mìlímítà gígùn ilé kátíríìjì nìyẹn. Kátíríìjì 70 á wọ ilé 65, torí pé ẹnu rẹ̀ ṣì ká. Ìgbà tí ẹ bá yìn ín ni kò ní ráyè là, agbára ẹ̀tù á sì pọ̀ kọjá ohun tí irin lè gbà.

Ọ̀pọ̀ ìbọn tí ibi fífà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, bí ọta àkọ́kọ́ ṣe ń ti ìbọn sẹ́yìn ló ń gbé e lọ sí ẹnu kejì. Nítorí náà, tí ẹ bá fi kátíríìjì ìdánwò, èyí tí kò ní ẹ̀tù àti ọta nínú, sí i, ẹ fà á, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀, kí ẹ tún fà á. Ẹ má pè é ní bíbàjẹ́ kí ẹ tó gbá a.

Pákó ọrùn tó ti sán lẹ́yìn irin kò dáa. Èyí tó dúdú tó sì rọ̀, òróró ló ti ń ṣàn sínú rẹ̀ torí pé wọ́n ń gbé ẹnu ìbọn sókè lẹ́yìn tí wọ́n bá fi òróró nù ún.

Fún owó díẹ̀, Baikal IZh-27 ti Rọ́ṣíà wúwo, kò sì rẹwà, ṣùgbọ́n ó lágbára. Èmi á mú un ju ìbọn olówó ńlá tó ti tú lọ.

Ẹ yìn ín kí ẹ tó san tán. Ẹ fa róbótó 75 sẹ̀ǹtímítà sórí páálí, ẹ gbé e sí mítà 36, kí ẹ yin ẹnu kọ̀ọ̀kan sí páálí tirẹ̀. Tí àárín ọta ẹnu méjèèjì bá jìnnà síra ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, alágbẹ̀dẹ abúlé kò lè tún un ṣe. Ẹ sì wo ìdí kátíríìjì tó ti yìn: ojú abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín gan-an, kó má sì lu ibẹ̀ já.